Ikin Tí Baba Fi Sílẹ̀: Ohun Tí Ìwòrì Méjì Ń Kọ́ Wa Nípa Iṣẹ́ Ìlú Tó Ń Gbó

Mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò tíì tẹ Ifá, tí ẹ kàn ń yọjú wá gbọ́ ohun tí àwọn baba ńlá yín ń sọ. Ẹ ò ṣìnà. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gan-an.

Irú òwò kan wà tó ti pọ̀ láàárín ẹ̀yin ọ̀dọ́ báyìí. Kì í ṣe òwò tí èèyàn ń ṣe torí kó lè kọ́lé kó ra mọ́tò nìkan, kì í sì í ṣe sàráà. Òwò ni, torí ó ń rà, ó ń tà, ó ń gbowó. Ṣùgbọ́n ìṣòro ìlú ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Ẹlòmíì ń kó ike àti ọ̀rá omi tó dí gọ́tà, ó ń tà á fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Ẹlòmíì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò rówó ilé ìwé san ní iṣẹ́ aránṣọ. Ẹlòmíì ń yá àgbẹ̀ ní irinṣẹ́. Ó dáa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i, torí Ifá fẹ́ kí ayé rọ èèyàn lọ́rùn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Mélòó nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń pé ọdún márùn-ún? Wọ́n á fi ìlù àti ijó ṣí i, wọ́n á ya fọ́tò, ọba á wá, alága á sọ̀rọ̀. Ọdún kejì, ó ṣì ń rìn. Ọdún kẹta, ẹni tó dá a sílẹ̀ ti rìnrìn àjò, tàbí ó ti ríṣẹ́ sí Èkó, tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí ọlọ́jọ́ ti dé. Tí ẹ bá tún kọjá níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti dípẹtà lára ilẹ̀kùn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká bi Ifá lónìí nìyẹn: kí ló dé tí iṣẹ́ rere ń bá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ, kí ló sì ń mú kí òmíràn gbó ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìdí Ifá lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń fún un, kí àwọn obìnrin abúlé má bàa máa ru ẹ̀gẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Obìnrin bí ogójì ló ń jẹun níbẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, tí èèyàn á bu omi tútù sí, tí á máa dún kàkà lẹ́nu. Nǹkan ń lọ. Àjọ kan láti òkè òkun ń ràn án lọ́wọ́ nínú owó dísù, ìdí nìyẹn tí owó tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà kò fi tó owó dísù gan-an. Nígbà tó wá bá mi, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti ku oṣù díẹ̀ kó parí. Físà ẹ̀ sí Kánádà sì ti jáde. Ìbéèrè tó mú wá kò ju ọ̀kan lọ: "Bàbá, ṣé ìrìn àjò yìí á yẹ mí?"

Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ìwòrì Méjì ló yọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́: Ìwòrì Méjì ló ṣìkẹta nínú ojú Odù mẹ́rìndínlógún, lẹ́yìn Èjì Ogbè àti Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ọpọ́n, èjì ló máa wà lókè, ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èjì nísàlẹ̀, bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìtàn inú ẹ̀ pọ̀. Èyí tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi. Ẹ̀yin àgbà Awo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kì í, ẹ ò ní bínú pé mo sọ ọ́ bí ẹni ń pàlọ́.

Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ. Àwọn ọmọ náà là, kálukú sì jọba sí ìlú tirẹ̀. Alárá wà lára wọn, Ajerò wà lára wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, baba ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé ló ń kí baba bí ó ti yẹ kí ọmọ Awo kí Awo. Ó wá kan Ọlọ́wọ̀. Ó dúró, kò kí baba. Baba ní kí ló dé? Ó ní adé wà lórí baba, adé wà lórí òun náà, ẹni tó dé adé kò gbọdọ̀ forí balẹ̀ fún ẹlòmíì. Inú bí Ọ̀rúnmìlà. Ó dìde, ó fi ilé ayé sílẹ̀, ó lọ sí ọ̀run.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ayé dàrú. Òjò kò rọ̀ bó ṣe yẹ, odò ń gbẹ, irè oko kò ṣe dáadáa, àwọn aboyún ń rọbí láì rí ọmọ gbé jó. Ìdí ni pé gbogbo ìbéèrè ayé, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni yẹn ti lọ. Àwọn ọmọ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá a ní ìdí ọ̀pẹ kan tó ya orí mẹ́rìndínlógún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé. Ó kọ̀. Kò padà wá. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n na ọwọ́, ó sì fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń wá láyé, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ilé, ikin yẹn ni kí wọ́n máa bi. Wọ́n gbé e délé, wọ́n bi í, ó dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń bi mí pé: "Bàbá, ṣé Ọ̀rúnmìlà kò bínú jù? Torí ọmọ kan ló ṣe fi gbogbo ayé sílẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí èmi gbọ́ nínú ìtàn náà nìyí. Àṣìṣe Ọlọ́wọ̀ tóbi, mo sì máa padà sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ń fi nǹkan kan hàn wá tó burú ju àfojúdi ọmọ kan lọ: ayé tí ó máa dàrú torí ẹnì kan dìde kúrò lórí àga, ayé yẹn ò tíì dúró. Bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ Ọ̀rúnmìlà, tó wà níbẹ̀ nígbà tí Olódùmarè ń yan ìpín fún ẹ̀dá, ayé ò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ èémí ẹnì kan. Wíwá tí baba ò padà wá, òun ló jẹ́ kí a ní Ifá lọ́wọ́ lónìí. Tó bá padà wá ni, ọjọ́ míì tó bá tún bínú, ibi àná náà la máa tún bá ara wa.

Ẹ tún wo ohun tó fún wọn. Kò fún wọn ní adé rẹ̀. Kò kó owó fún wọn. Kò ní kí àgbà ọmọ máa ṣe bí òun. Ọ̀nà ìbéèrè ló fún wọn. Ikin kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá kọ́ ọ, tó tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, ó máa dá a lóhùn. Ọmọ ogún ọdún tó kọ́ ọ dáadáa lè tẹ Odù tí àgbà ọgọ́rin ọdún ń tẹ̀. Àmì Ìwòrì Méjì tí mo tẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun kan náà ni babaláwo á tẹ̀ ní Kétu, òun kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ ní Kúbà. Wọ́n kó àwọn baba wa lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba aṣọ, wọ́n gba èdè. Ifá kò kú, torí ohun tí wọ́n gbé lọ kì í ṣe ara babaláwo kan, ìlànà ni. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ó wà lára àwọn ogún ìran ènìyàn tó ṣe iyebíye, ohun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni iṣẹ́ kan tó ti gbó ju ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é lọ.

Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbé kúrò níbí: iṣẹ́ aṣáájú ni kó wá ikin tó máa fi sílẹ̀, kó sì gbé e lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí òun ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni mo ti máa mú àpẹẹrẹ wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èsúsú. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn ará Trinidad ń dá owó jọ títí dòní, "susu" ni wọ́n ń pè é, àwọn onímọ̀ sì so ó mọ́ èsúsú wa. Kí ló jẹ́ kó gbó tó bẹ́ẹ̀? Kò ní ọ́fíìsì, kò ní àjọ tó ń fún un lówó. Iye tí kálukú máa dá kò fara sin. Bí wọ́n ṣe máa kó o tẹ̀léra wọn kò fara sin. Olórí èsúsú kì í ṣe ẹni tó ni owó náà, ẹni tó ń tọ́jú ètò ni. Tó bá kú ní òru òní, lọ́la àwọn tó kù mọ ẹni tó kàn. Ikin wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ẹ wá wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ẹ ń rí fọ́tò Ojúde Ọba lórí fóònù: ẹṣin, fìlà, aṣọ tó ń dán yanran, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn ni kí ẹ wò. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́, wọ́n lólóyè, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń bá ìlú ṣe iṣẹ́. Kábíyèsí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀, ló jí ètò àtijọ́ yìí dìde ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń dàgbà lọ, òmíràn ti ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn. Ìlú kò ní láti máa wá arọ́pò kiri, arọ́pò ti wà lórí ìlà.

Ọba náà gorí ìtẹ́ ní 1960. Ó wàjà ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, 2025, lẹ́yìn ọdún 65. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ọba míì láyé wa. Ìlú dákẹ́. Ṣùgbọ́n rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kò bá ọba wàjà. Ìpàdé ẹgbẹ́ ṣì ń lọ, ìwé orúkọ ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọba ti fi ikin sílẹ̀.

Ìgbà ayé ọba yìí náà ni ìlú wa gbé iṣẹ́ ńlá kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́. Ní 1998, wọ́n fojú bù ú pé mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá ní Ìjẹ̀bú-Òde kò rí tó dọ́là kan ná lóòjọ́. Ẹ gbọ́ o: Ìjẹ̀bú, tí gbogbo ayé ń pè ní olówó! Wọn kò fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ọmọ Ìjẹ̀bú, àgbà onímọ̀ jọ́gíráfì, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé, ló ṣáájú ètò ìdín-òṣì-kù tí wọ́n dá sílẹ̀, Awùjalẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 65 nígbà yẹn. Ó lè jókòó sílé máa jẹ ọlá tó ti ní. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Wọ́n kọ́kọ́ pe ìlú jọ, wọ́n bi ìlú léèrè. Ní tiwa, a máa ń ní èèyàn kì í gbé ẹbọ kó tó dá Ifá, àbí? Wọn kò dá ẹgbẹ́ àjèjì sílẹ̀. Orí àwọn ẹgbẹ́ tó ti wà nílùú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà kà, pàápàá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, kó má bàa jẹ́ ti ẹnì kan. Wọ́n ṣètò owó yíyá kékeré àti ìdálẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe owó pínpín. Ní 2004, òun àti Robert Kates, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tí yunifásítì Harvard gbé jáde nípa iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé: àjọṣe tó wà láàárín ará ìlú, kíkó gbogbo èèyàn mọ́ ọn, àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n papò dà ní oṣù Kẹjọ, 2022. Èmi ò sọ pé òṣì ti tán ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú wa ń rí ọjà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é sílẹ̀ ní kíkọ, ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí lè kà á. Ẹni tó kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ti fi ikin sílẹ̀.

Bákan náà ló rí ní ilẹ̀ Bangladesh. Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn obìnrin abúlé lówó ní 1976. Ó di báńkì ní 1983, Grameen lorúkọ ẹ̀. Òun àti báńkì náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ní 2011, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá èyí tí òfin fàyè gbà, ó kúrò nípò olórí, tìjà tìjà ni. Báńkì náà kò tì. Kí ló dé? Àwọn obìnrin tó ń yáwó níbẹ̀ gan-an ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Ilé kì í wó bọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ bá lọ́wọ́ nínú òpó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wa. Mo sọ fún un pé, "Ìrìn àjò kọ́ ni Ifá ń wí. Ilé tí o fẹ́ fi sílẹ̀ ni Ifá ń bi ọ́ léèrè." Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Mo ní, tí àjọ yẹn bá dáwọ́ dúró, ta ló máa ra dísù? Mo ní, ta ló mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde yàtọ̀ sí ìwọ? Mo ní, tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá já lọ́jọ́ Sátidé, ta ló máa tún un ṣe? Mo ní, tí wọ́n bá jà láàárín ara wọn, kí ni wọ́n máa tẹ̀ lé? Ó wò mí. Fóònù ẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn wà, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ní báńkì. Èèyàn rere ni. Ìwà rere ẹ̀ gan-an ló dì í lọ́wọ́: torí kò fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára, ó ti gbé gbogbo ẹrù sórí ara ẹ̀.

Ifá yan ẹbọ, a rú u. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà, pé apá kan ẹbọ yẹn kò sí nínú igbá. Ó ní láti fi ohun tó mú un ṣe pàtàkì rúbọ. Ikin mẹ́rin ló ní láti gbé lé àwọn obìnrin yẹn lọ́wọ́.

Ìkíní ni owó tirẹ̀. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbó gbọ́dọ̀ jẹ nínú òógùn ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọmọdé lè ṣe: tí ẹ̀rọ bá jẹ́ 600,000 náírà, tó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, oṣù 60 nìyẹn, 10,000 náírà ló yẹ kó máa wọ àpótí lóṣooṣù láti fi ra òmíràn. Owó ọjà sì ń gòkè, nítorí náà kí ẹ fi kún un. Dísù ń bẹ, ọ́ìlì ń bẹ, owó ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ń bẹ. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí ẹ ń gbà. Ẹni tó bá ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ń rẹ́ aláìní jẹ. Ẹni tó bá ń gbà dín ń tan aláìní jẹ, torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú, ọ̀dọ̀ aláìní ni ìyà yẹn ń lọ. Owó àjọ òkè òkun, ẹ fi ra irinṣẹ́, ẹ fi kọ́ èèyàn níṣẹ́. Ẹ má fi ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Ìkejì ni ìwé tó ṣí sílẹ̀. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, kí wọ́n kọ ọ́ sí gbangba, kí wọ́n kà á létí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò mọ̀wé náà mọ owó. Kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí ìwé báńkì.

Ìkẹta ni àwọn ọmọ. Mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà fún ní ikin, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́ ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo níṣẹ́ ti sún ìṣòro síwájú ni, kò yanjú ẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, kí wọ́n ṣe é tì, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má gbé fóònù. Ohun tó bá bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni ẹ ò tíì fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkẹrin ni èèwọ̀, òun ló sì wúwo jù. Nínú Ìká Òfún, àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn máa gbó, bóyá àwọn máa tọ́. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tiwa gan-an nìyẹn? Ifá ní wọ́n á gbó, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún mọ́. Kí wọ́n má pera wọn ní ẹni tó mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Kí wọ́n má ṣi èèyàn lọ́nà. Kí wọ́n má gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú, kí wọ́n má gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó. Kí wọ́n má dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Wọ́n délé, wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n wá pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ó ní òun kọ́, èèwọ̀ tí wọ́n dà ni.

Ṣé ẹ rí i, àwọn àgbà ni Ifá dè. Èèwọ̀ tó bá de ọmọ ẹgbẹ́ tí kò de olórí, kì í ṣe èèwọ̀, ìjẹgàba ni. Tí owó aláìní bá wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀pá afọ́jú lo mú dání yẹn. Tí o bá yá nínú ẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, tí o ní wàá dá a padà lóṣù tó ń bọ̀, o ti gba ọ̀pá náà. Tí o bá kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fún ọ lówó pé èèyàn ọgọ́rùn-ún ló jàǹfààní, tí ogójì sì wà, o ti pe ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìlú kì í sábà kú torí àìsí owó nìkan. Ìgbà tí olórí bá rò pé rere tí òun ti ṣe tó láti fi da èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ikú ti wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sún ìrìn àjò ẹ̀ síwájú ní oṣù méjì. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin yẹn, wọ́n jọ ṣírò owó tuntun. Àwọn kan bínú, àwọn mélòó kan sì kúrò. Ìyá kan tó ti ń ta gàrí láti ìgbà èwe rẹ̀ ló sọ pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé owó yẹn kéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: kò sẹ́ni tó bi í. Ó ti lọ báyìí. Ẹ̀rọ ṣì ń dún. Wọ́n ń jà nígbà míì, wọ́n sì ń parí ẹ̀ fúnra wọn. Bóyá ó máa pé ogún ọdún, Ifá ló mọ̀.

Mo ní mo máa padà sórí Ọlọ́wọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé ikin lé lọ́wọ́, tiyín nìyí. Ẹni tó fún ọ ní adé, má sọ fún un pé adé yín dọ́gba. Ìgbìmọ̀ tuntun máa ń fẹ́ pa orúkọ ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ rẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn náà ti dé. Ìwà Ọlọ́wọ̀ nìyẹn. Kíkí tí a ń kí baba kì í dín adé wa kù. Ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ náà, kó má sọ pé kí wọ́n máa wólẹ̀ fún òun títí ayé. Kí baba yọ̀ǹda, kí ọmọ bọ̀wọ̀: ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, iṣẹ́ á gbó.

Nítorí náà, kí gbogbo olórí tó ń gbọ́ mi, ìbáà ṣe olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, olórí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, olórí ẹgbẹ́ Awo pàápàá, lọ bi ara ẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀: tí mi ò bá sí níbí fún oṣù mẹ́ta, kí ló máa dúró? Ohun tó bá dúró yẹn ni ẹbọ rẹ. Ẹ tètè rú u.

Kí Ifá má jẹ́ kí iṣẹ́ rere kú mọ́ wa lọ́wọ́. Kí a fi ikin sílẹ̀, kí a má fi gbèsè sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn bi ohun tí a fi sílẹ̀ léèrè, kó sì dá wọn lóhùn. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.